Ìbọn Tí Ń Mí

Láti ìgbà tí dùwáànù ti dí ọ̀nà Ìlárá pa,
katúṣì di ohun tí à ń fi ẹnu pè lásán.
Ẹyọ kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sẹ́fà, bí o bá rí i;
èyí tí o rí náà, òjò lè ti jẹ ìdí rẹ̀.
Ẹ̀tù tán ní Kétu. Ẹtù ń ṣa àgbàdo wa jẹ lójú wa.
Ẹtu ń kọjá lẹ́bàá ọgbà, kò tilẹ̀ sáré.
Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ebi ló so wọ́n pọ̀.

Bàsíìlì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, gbé e wá láti Kútọnu,
ó fi ẹní wé e, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù.
"Bàámi, ìbọn afẹ́fẹ́ ni."
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Afẹ́fẹ́ tí obìnrin fi ń fẹ́ èèpo ẹ̀pà?
Kò dá mi lóhùn. Ó fa pọ́ǹpù,
ó fà á bí ẹni tó ń fún táyà kẹ̀kẹ́,
ogójì ìgbà, òógùn kán sí i lójú,
ó ki hóró òjé kan tí kò tó hóró erèé,
ó na ìbọn sí agolo tòmátì lórí ògiri Ìyá Falẹ́ntì.
Fíì.
Ihò níwájú agolo, ihò lẹ́yìn,
ihò tún wà lára korobá tó wà lẹ́yìn ògiri.
Owó korobá yẹn, èmi ni mo san án.

Bẹ́ẹ̀ ni mo di ọdẹ aláìlóhùn.
Ọ̀yà mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, ẹtù mẹ́fà;
ọ̀kan á ṣubú, àwọn yòókù á máa jẹun lọ,
wọn ò mọ̀ pé ikú ti dé àárín wọn.
Kò dùn mọ́ mi tó bó ṣe yẹ.
Ẹran tó gbọ́ ìbọn, tó sá,
òun àti ọdẹ ti jọ sọ̀rọ̀.

Ìyàwó mi náà ń kùn.
Tẹ́lẹ̀, bí ìbọn bá ti dún lápá odò,
á ti gbé omi kaná.
Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Ó tàsé àkọ́kọ́."
Ní báyìí mo ń wọlé bí olè, ẹran lọ́rùn,
iná kò sí, ata kò sí lórí ọlọ.
"Ṣé ẹ pa á ni, àbí ẹ jí i?"

Àfi ìgbà tí Bàbá Ọdẹ́yalé kú,
ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń fi imú mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ.
Ìbọn méje ló yẹ kó dún kó tó wọlẹ̀.
Ọdẹ mọ́kànlá tú àpò, a gbọn àpò:
katúṣì kan ṣoṣo, tèmi,
tí mo rì sínú iyọ̀ kí ọ̀rinrin má baà mú un.
Ìmàdò ni mo fi í dè.
Mo rò ó. Èmi ni mo mọ bí mo ṣe rò ó.
Mo ki ìbọn, mo kọ ẹnu rẹ̀ sókè, mo fà á.
Kẹ́.
Iyọ̀ tó yẹ kó ṣọ́ ọ ló ti bà á jẹ́.

Àwọn opó ń wò mí.
Bàsíìlì kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa pọ́ǹpù.
A gbà á lọ́wọ́ ara wa, àgbà ń mí hẹlẹ,
a yìn ín sókè láìki òjé, ẹ̀ẹ̀méje.
Fíì.
Kò ju èémí lọ.
Ó jọ èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu Bàbá lóru ọjọ́ Ẹtì,
tí mo dúró, tí mo ń retí pé òmíràn á tẹ̀ lé e.
Ajá kan kò gbó.
Arúgbó kan ní, "Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"
A ò rí èsì fún un.
Mo wo ẹ̀yìn ilé: ìyàwó mi ti gbé omi kaná.

Òru ọjọ́ yẹn ni ìmàdò wọ oko mi.
Mo gbọ́ wọn. Wọ́n jẹun, wọ́n lọ.